Louis Hunkanrin: Olùkọ́ ọmọ Àjàṣẹ́ tó wá gbòǹgbò ìrẹ́jẹ kàn

 

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló mọ orúkọ Louis Hunkanrin. Ẹni tó bá ti jókòó nílé ìwé rí ní Benin lè sọ fún yín pé olùkọ́ ni, pé ó kọ ìwé ìròyìn, pé àwọn Faransé rán an lọ sí ìgbèkùn. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí a bá sọ ọ́ báyẹn nìkan, á dà bí ẹni pé wọ́n bí i ní akíkanjú, ó sì kú ní akíkanjú, ó tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó pẹ́ kí ọkùnrin yìí tó mọ ohun tó ń bá jà gan-an. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, èèyàn burúkú kan ló rò pé òun ń bá jà. Nígbà tó yá, ó rí i pé òfin ni. Nígbà tó wá dàgbà, ó rí i pé àṣà tí gbogbo ayé ti gbà pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn wà nínú ẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀nà tó gbà kọ́ ẹ̀kọ́ mẹ́ta yìí la fẹ́ bá yín sọ lónìí, torí ó kàn wá.

Ọmọ tí ilé ìwé Faransé tọ́

Ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá ọdún 1886 ni wọ́n bí Hunkanrin ní Àjàṣẹ́. Ọba Toffa ló wà lórí ìtẹ́ nígbà náà. Toffa ti bá àwọn Faransé dá májẹ̀mú pé kí wọ́n máa dáàbò bo ìlú òun, nítorí ó ń bẹ̀rù Àgbómẹ̀ lápá kan, ó sì ń bẹ̀rù àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Èkó lápá kejì. Aláàbò náà kò pẹ́ tó fi di olówó ilé. Nígbà tí Toffa kú lọ́dún 1908, àwọn Faransé kò jẹ́ kí ẹni tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ máa jẹ́ ọba mọ́. Olóyè àgbà lásán ni wọ́n pè é. Inú ìlú tó ń yí padà báyìí ni Hunkanrin dàgbà sí, ìlú tí Ògù, Yorùbá àti Àgùdà jọ ń gbé, tí ọjà wọn pọ̀ mọ́ ara wọn.

Ó mọ̀wé. Wọ́n yàn án lọ sí Saint-Louis ní Sẹ́nẹ́gàl, sí ilé ìwé tí ìjọba Faransé dá sílẹ̀ lọ́dún 1903 láti máa kọ́ àwọn olùkọ́ fún gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wọn. Ilé ìwé yẹn kan náà ló kó lọ sí Gorée lọ́dún 1913, tí wọ́n wá fi orúkọ William-Ponty pè nígbà tó yá. Hunkanrin wà lára àwọn ọmọ Dahomey tó kọ́kọ́ gboyè jáde níbẹ̀.

Àwa tó jẹ́ pé iṣẹ́ wa ni láti máa kọ́ àwọn tó fẹ́ di olùkọ́, a mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí wọ́n kọ sójú pátákó nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ́. Ó ń wo ìta pẹ̀lú. Ohun tó wà níta ní Saint-Louis yàtọ̀ sí ti Àjàṣẹ́. Ìlú mẹ́rin ló wà ní Sẹ́nẹ́gàl, Saint-Louis, Gorée, Dakar àti Rufisque, tí àwọn ọmọ bíbí ibẹ̀ ń dìbò, tí wọ́n sì ń rán aṣojú lọ sí ilé aṣòfin ní Párìsì. Aláwọ̀ dúdú ni wọ́n, bíi ti Hunkanrin. Ní Dahomey ńkọ́? Òfin tí wọ́n ń pè ní indigénat ló ń ṣiṣẹ́. Òfin yìí fún kòmándà, òyìnbó tó ń ṣàkóso agbègbè, ní àṣẹ láti sọ èèyàn sẹ́wọ̀n ọjọ́ 15, kó sì bu owó ìtanràn tó tó 100 fáráǹkì lé e, láìsí adájọ́, láìsí agbẹjọ́rò. Ẹni tí kò tètè san owó orí, ẹni tí kò wá síbi iṣẹ́ ọ̀nà, ẹni tí wọ́n ní kò bọ̀wọ̀ fún aláṣẹ, gbogbo wọn ló lè bá a lọ. Àsíá kan náà, Faransé kan náà, òfin méjì. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti fojú rí méjèèjì kò lè sọ pé òun ò rí i.

Ìjà àkọ́kọ́: ọ̀gá kan ṣoṣo

Lọ́dún 1907, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní Ouidah. Kò pẹ́ tí ìjà fi bẹ́ sílẹ̀ láàárín òun àti ọ̀gá ilé ìwé. Nígbà tó fi máa di ọdún 1910, wọ́n ti lé e lẹ́nu iṣẹ́. Kò tíì pé ọmọ ọdún 25.

Ní àkókò yẹn, ẹ̀yin ará, ẹnìkan ni ìjà rẹ̀ dojú kọ. Gbogbo wa la mọ irú ìjà bẹ́ẹ̀. Tí nǹkan bá ti bàjẹ́, à ń wá ẹni tó bà á jẹ́. Ọ̀gá yìí ló burú, tó bá ti lọ, ara á tù wá. Ẹni tó ń jà báyìí lè ní ẹ̀tọ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n òun nìkan ló máa ń jà, òun nìkan náà ni wọ́n sì máa ń lé.

Ó padà sí Sẹ́nẹ́gàl. Ní Dakar, ó bá àwọn tó ń ti Blaise Diagne lẹ́yìn ṣiṣẹ́. Lọ́dún 1914, Diagne wọlé ìbò, ó sì di ọmọ Áfíríkà dúdú àkọ́kọ́ tó jókòó sílé aṣòfin Faransé. Ibẹ̀ ni Hunkanrin ti rí ohun tí kò rí ní Ouidah: pé tí èèyàn bá fẹ́ ṣí àpáta nídìí, á wá ẹgbẹ́, á wá ìwé ìròyìn, á wá àwọn tó lè gbọ́ ẹjọ́ náà lókèèrè. Ọdún yẹn kan náà ló dá ẹ̀ka Ligue des Droits de l'Homme sílẹ̀ ní Dahomey. Faransé ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ yẹn sílẹ̀ lọ́dún 1898, nígbà tí wọ́n fi ẹ̀sùn èké sọ ọ̀gágun kan, Alfred Dreyfus, sẹ́wọ̀n. Júù ni Dreyfus. Àwọn tó jà fún un kì í ṣe Júù gbogbo wọn. Ẹ jẹ́ ká fi èyí sọ́kàn, a máa padà bá a níwájú.

Ìjà kejì: gómìnà lọ, òfin kò lọ

Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀. Charles Noufflard ni gómìnà Dahomey. Wọ́n ń kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin lọ jagun tipátipá, owó orí ò dúró, iṣẹ́ ọ̀nà ò dúró. Àwọn Ọ̀họ̀rí, ẹ̀yà Yorùbá tiwa ní ilẹ̀ àbàtà ẹ̀bá Pọ́bẹ̀, kọ̀ jálẹ̀, wọ́n sì gbé ohun ìjà láàárín 1914 sí 1916. Wọ́n jìyà rẹ̀ gidigidi. Hunkanrin kò gbé ìbọn ní tiẹ̀. Gègé ìkọ̀wé ló gbé.

Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń kọ ohun tí gómìnà àti àwọn tó yí i ká ń ṣe sílẹ̀, wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ náà ní Párìsì. Ẹ rántí pé nígbà náà, kòmándà kì í gbọ́ èdè ìlú. Ògbufọ̀ ló ń sọ fún un ohun tí ará oko sọ, ògbufọ̀ náà ló ń sọ fún ará oko ohun tí kòmándà pa láṣẹ. Ẹni tó bá wà láàárín méjì báyìí tí kò ní òtítọ́ lè ta ẹjọ́ bí ẹní ń ta iṣu. Nítorí náà, ẹni tó lè fi èdè òyìnbó kọ ẹjọ́ ará ìlú fúnra rẹ̀, tí kò gba ọwọ́ ògbufọ̀ kọjá, ọ̀tá ìjọba ni.

Wọ́n ń wá a láti mú. Ó sá wọ Nàìjíríà, ó ń fara pamọ́ níbẹ̀. Òun àti Paul Hazoumé, olùkọ́ bíi tiẹ̀ tó wá kọ ìwé Doguicimi nígbà tó yá, ń fi ọwọ́ kọ ìwé ìròyìn kan ní ìkọ̀kọ̀, Le Récadère de Béhanzin. Récadère ni ìránṣẹ́ ọba tó ń gbé ọ̀pá àṣẹ kiri, bí ìlàrí ṣe ń jíṣẹ́ ọba láyé Ọ̀yọ́. Béhanzin tí àwọn Faransé lé kúrò lórí ìtẹ́ Àgbómẹ̀ ti kú ní Algiers láti 1906. Àmọ́ ìránṣẹ́ rẹ̀ ṣì ń rìn láàárín ìlú. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ yẹn nígbà náà mọ ohun tí wọ́n ń wí.

Lọ́dún 1917, Noufflard kúrò lórí oyè. Ó yẹ kí ayọ̀ dé. Gómìnà mìíràn gorí àléfà, Gaston Fourn. Indigénat ṣì wà níbẹ̀. Owó orí ṣì wà níbẹ̀. Iṣẹ́ tipátipá ṣì wà níbẹ̀. Àgbẹ̀ tó bá ti bá èkan jà rí mọ̀ ọ́n: tí o bá fi àdá gé orí rẹ̀, oko á mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, òjò kan á rọ̀, á tún yọrí. Gbòǹgbò ló wà nílẹ̀. Ẹ̀kọ́ kejì Hunkanrin nìyẹn.

Ìlérí, àti Párìsì

Lọ́dún 1918, Blaise Diagne wá láti Faransé, ìjọba ní kó wá kó ọmọ ogun sí i. Ó kó àwọn tó lé ní 60,000 láàárín Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ìlérí tó mú wá dùn létí: ẹni tó bá jagun fún Faransé, Faransé á mọ̀ ọ́n lóore, á sì fún un ní ẹ̀tọ́. Hunkanrin jáde níbi tó sá pamọ́ sí, ó wọ iṣẹ́ ogun. Àwọn kan lè sọ pé báwo ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe gbà. Lójú tiwa, kò ṣòro láti mọ̀. Ó ṣì gbà pé ọ̀rọ̀ tí Faransé fi ń yangàn, òmìnira, ìdọ́gba, ìfẹ́ ará, lè di òótọ́ fún gbogbo èèyàn bí wọ́n bá di í mú.

Ogun parí. Àwọn tó padà wálé bá indigénat níbi tí wọ́n fi í sí. Hunkanrin ṣì wà ní Faransé. Lọ́dún 1920, òun àti Max Bloncourt bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn kan ní Párìsì, Le Messager Dahoméen. Agbẹjọ́rò ni Bloncourt, ọmọ Guadeloupe, erékùṣù tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lọ bí ẹrú láyé ọjọ́sí. Lọ́dún 1921, Bloncourt yìí wà lára àwọn tó dá Union Intercoloniale sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ Vietnam kan tí ayé wá mọ̀ sí Ho Chi Minh. Nínú irú àwùjọ bẹ́ẹ̀, ọmọ Àjàṣẹ́ lè bá ará Guadeloupe àti ará Vietnam jókòó, kí wọ́n jọ sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé kálukú, kí wọ́n sì rí i pé ẹjọ́ kan náà ni. Ìjọba kò fẹ́ irú ìjókòó yẹn. Ọwọ́ tẹ Hunkanrin, wọ́n dá a padà sí Dahomey.

Àjàṣẹ́ kọ̀ láti san owó orí

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1923, wọ́n fi owó kún owó orí. Ẹ̀rù náà wọ àwọn ará Àjàṣẹ́ lọ́rùn jù. Ìpàdé ń lọ ní agboolé, àwọn Mùsùlùmí Yorùbá wà nínú rẹ̀, àwọn Ògù wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò san. Àwọn òṣìṣẹ́ etíkun ní Kútọnu da iṣẹ́ sílẹ̀. Ìjọba kéde òfin ogun, wọ́n kó ọmọ ogun wọ̀lú, wọ́n fipá gba owó orí, wọ́n sì kó àwọn tí wọ́n kà sí aṣáájú. Wọ́n ní Hunkanrin wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ẹni ọdún 36 ni. Ọdún mẹ́wàá ìgbèkùn ní Mòrìtáníà ni wọ́n bù fún un.

Ìjà kẹta: ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe tiẹ̀

Ẹ bá wa rò ó wò. Ọmọ ẹ̀bá ọ̀sà, tó ń jẹ ẹja àti àgbàdo, ni wọ́n gbé lọ sínú iyanrìn aṣálẹ̀. Saint-Louis, ìlú tó ti kọ́ṣẹ́ olùkọ́, náà ni wọ́n ti ń ṣàkóso Mòrìtáníà nígbà yẹn. Ọ́fíìsì tó wà nítòsí ilé ìwé rẹ̀ àtijọ́ ló wá di ibi tí wọ́n ti ń ṣọ́ ọ.

Ẹni tí wọ́n bá ṣe báyìí fún, tó bá jókòó jẹ́ẹ́ kó máa ka ọjọ́, kò sẹ́ni tó lè bá a wí. Ṣùgbọ́n Hunkanrin rí ohun kan níbẹ̀. Ó rí ẹrú. Kì í ṣe ẹrú inú ìtàn. Èèyàn tó wà láàyè, tí wọ́n ń da ràkúnmí, tí wọ́n ń pọn omi, tí wọ́n ń jogún bí ẹni jogún àgùtàn, tí ọmọ wọn kì í ṣe tiwọn. Òfin Faransé ti ka òwò ẹrú léèwọ̀ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wọn láti ọjọ́ 12 oṣù kejìlá ọdún 1905. Àwọn aláṣẹ mọ̀. Wọ́n ń wo ibòmíràn, torí wọ́n fẹ́ kí àwọn olóyè Mọ́ọ̀ máa bá wọn gbé ní àlàáfíà. Bí èèyàn bá béèrè, ìdáhùn kan wà nílẹ̀: àṣà wọn ni, ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Ibí yìí la ti rí bí ọkàn ọkùnrin yìí ti dàgbà tó. Àwọn ẹrú yẹn kì í ṣe ará Dahomey. Wọn kì í ṣe ẹbí rẹ̀, wọn ò gbọ́ èdè rẹ̀, wọn ò sì lè san oore fún un. Àwọn olówó wọn kì í ṣe òyìnbó. Ọmọ Áfíríkà ni wọ́n, Mùsùlùmí ni wọ́n, àwọn náà wà lábẹ́ Faransé. Tó bá jẹ́ pé òyìnbó nìkan ni Hunkanrin ń bá jà, kì bá má rí nǹkan kan sọ. Àmọ́ ó ti mọ̀ báyìí pé ìnilára kò ní àwọ̀ kan. Lọ́dún 1931, nígbà tó ṣì wà ní ìgbèkùn, ìwé pẹlẹbẹ kan tó kọ lórí oko ẹrú ní Mòrìtáníà jáde. Ó fi ẹjọ́ sùn lápá méjì: àwọn tó ń ni ẹrú, àti ìjọba tó mọ̀ tó dákẹ́. Bí àwọn kan ṣe jà fún Dreyfus láìjẹ́ Júù, bẹ́ẹ̀ lòun náà jà fún àwọn yẹn.

Kí ẹ lè mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe le tó: ọdún 1981 ni Mòrìtáníà tó fòfin de oko ẹrú, ọdún 2007 ló tó sọ ọ́ di ọ̀ràn tí wọ́n lè tìtorí rẹ̀ fi èèyàn sẹ́wọ̀n. Ó ti tó àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ìwé pẹlẹbẹ yẹn kí èyí àkọ́kọ́ tó ṣẹlẹ̀.

Ìgbèkùn kejì, àti ìparí

Lọ́dún 1933 ó padà wálé. Ó bá ìwé ìròyìn tó pọ̀, La Voix du Dahomey wà lára wọn, àwọn ọmọ ìlú ló ń kọ ọ́. Ohun tó ń fi ọwọ́ kọ ní ìkọ̀kọ̀ nígbà kan ti di ohun tí wọ́n ń tà lójú ọjà. Ó tún mú gègé rẹ̀.

Lọ́dún 1940, Jámánì ṣẹ́gun Faransé. Àwọn aláṣẹ ní Dakar àti ní Dahomey tẹ̀ lé ìjọba Vichy tó bá Hitler ṣe. Hunkanrin, tí Faransé ti jẹ níyà lọ́dún mẹ́wàá, tún dúró ti apá Faransé tó kọ̀ láti tẹríba, apá de Gaulle. Wọ́n mú un, wọ́n sì rán an lọ sí Soudan, ilẹ̀ tí à ń pè ní Màlì lónìí. Èyí tó dunni jù ni pé nígbà tí Vichy ṣubú, tí àwọn ará de Gaulle gba ìjọba, wọn ò rántí tú u sílẹ̀. Ọ̀nà jíjìn yẹn ló wà lọ́dún 1946, nígbà tí wọ́n pa indigénat rẹ́, tí wọ́n sì fòfin gbé iṣẹ́ tipátipá kúrò. Ohun tó fi ìgbà èwe rẹ̀ jà fún dé nígbà tí kò sí nílé. Lọ́dún 1947 ló tó rí ilé.

Ó rí òmìnira Dahomey ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1960. Ó kú ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 1964, ó ti lé ní ọmọ ọdún 77.

Kí la fẹ́ fi ṣe?

A ò kọ èyí ká kàn lè máa yin òkú. Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ó rọrùn fún wa láti rí ìrẹ́jẹ tí òyìnbó ṣe láyé indigénat. Ó rọrùn láti rí i lára ọ̀gá tó ń gba rìbá. Èyí tó ṣòro láti rí ni èyí tí a bá nínú ilé wa, tí a sì ń pè ní àṣà.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ ọmọ ọ̀dọ̀, ohun tí àwọn Fọ̀n ń pè ní vidomègon. Ohun rere ni ní ìbẹ̀rẹ̀: ẹ̀gbọ́n tó rí já jẹ mú ọmọ àbúrò sọ́dọ̀, kó lè kọ́ṣẹ́, kó lè kàwé. Lónìí ńkọ́? Ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án kúrò ní abúlé lọ sí Kútọnu, sí Àjàṣẹ́, sí Èkó. Òun ló ń kọ́kọ́ jí, òun ló ń sùn gbẹ̀yìn. Ó ń gbé igbá kiri lákòókò tí ọmọ onílé wà ní kíláàsì. Àwa olùkọ́ ń rí àga tó ṣófo. Òfin Benin tó ka gbígbé ọmọ kiri báyìí léèwọ̀ wà láti oṣù kẹrin ọdún 2006. Òfin Faransé náà wà ní Mòrìtáníà láti 1905. Tí wọ́n bá béèrè, a máa ń sọ pé bí wọ́n ṣe tọ́ àwa náà nìyẹn.

Tí ìyá kan bá ń lu ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ládùúgbò, gbogbo wa á sọ pé obìnrin yẹn burú. Ó lè burú lóòótọ́. Àmọ́ ìjà Ouidah ṣì nìyẹn, ìjà ẹnìkan ṣoṣo. Ìbéèrè kejì ni pé ta ló mú ọmọ náà dé ibẹ̀, kí ni àwọn òbí rẹ̀ kò ní tó mú kí wọ́n gbà, ta ló ń jẹ èrè, kí ló dé tí ẹnì kankan nínú wa kò tíì béèrè ọjọ́ tó máa lọ sílé ìwé. Ìbéèrè kẹta ló le jù: ǹjẹ́ ọ̀kan wà nílé tiwa?

Ní àwọn abúlé wa, a ní ìpàdé agboolé, a ní ẹgbẹ́ àwọn òbí akẹ́kọ̀ọ́, a ní baálẹ̀, a ní ìyálọ́jà. Kò dìgbà tí ẹnikẹ́ni bá lọ sí ìgbèkùn kó tó lè gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ níbẹ̀. Kí ìwọlé ilé ìwé oṣù kẹsàn-án tó dé, ẹ jẹ́ kí abúlé kọ̀ọ̀kan ka àwọn ọmọ rẹ̀ tí kò sí nílé, kí wọ́n mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà, àti ẹni tí wọ́n wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ká kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Kí a sì lọ wò wọ́n.